Ìdìbò Amẹ́ríkà Tí Bàbá Kékeré Tún Dì ní Treviso

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé mo ti rí orí-ọ̀rọ̀ fún tesi mi, ìyẹn ìwé tí mo máa fi gboyè ní yunifásítì Padova, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo ní ìdìbò sípò ààrẹ Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe lọ. Bí ì bá ṣe lọ ni, ká ní ẹni tó fìdí rẹmi ló wọlé.

"Ṣé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Èdè wo lo máa fi kọ ọ́?"

Mo ní èdè Ítálì. Wọ́n ní ó dáa, kí Ọlọ́run fi òye sí i, wọ́n sì gbé fóònù fún màmá mi.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi tí mo fi Ìbàdàn sílẹ̀ pé mò ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣèlú, mo wá jókòó sí Padova, mò ń fi èdè Ítálì kọ̀wé nípa Amẹ́ríkà tí n kò dé rí, lórí ọ̀rọ̀ tí kò wáyé níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ló fà á. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tí kì í jẹ́ kéèyàn parí gbólóhùn. Ó ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Áfíríkà wá ló máa ń fẹ́ kọ̀wé lórí Áfíríkà, bí ẹni pé wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ ọn. Òun fẹ́ kí n lómìnira láti kọ ohun tó bá wù mí. Ló bá fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, ó mú ohun tó yẹ kó wù mí jáde, ó ti tẹ̀ ẹ́ síwèé.

Ọ̀rọ̀ náà kò le lóye. Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń di ààrẹ dandan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye aṣojú tirẹ̀, ẹni tó bá sì mú ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń kó gbogbo wọn. Ọdún kan wà tí gbogbo rẹ̀ já lé Florida lórí. Ìbò tó wà láàárín àwọn olùdíje méjèèjì níbẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé díẹ̀ lọ, àwọn àgbàlagbà sì jókòó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n ń gbé káàdì ìbò sókè sí iná, wọ́n ń wo ihò ara rẹ̀ bí ẹni ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Nígbẹ̀yìn, ilé ẹjọ́ ló parí rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n yí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìbò yẹn padà lórí tábìlì mi, kí n wá máa tẹ̀ lé ohun tó máa tìdí ẹ̀ yọ, ogun wo ni kò ní jà, òfin wo ni kò ní jáde, títí ọ̀nà á fi pin.

Oṣù méjì ni mo fi ń ṣe é ní ilé ìkàwé, n kò sì jìnnà. Ibi tí ọ̀nà ti là fún mi ni ilé àbúrò bàbá mi, ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Treviso.

Bàbá Kékeré ni mo ń pe àbúrò bàbá mi yìí. Olùkọ́ ni wọ́n ní Ìwó kí wọ́n tó kúrò nílé. Ní Treviso, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà ìyọ̀-lórí-yìnyín ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń lu irin tó ń dè é mọ́ ẹsẹ̀. Ọdún kejìdínlógún rèé tí wọ́n ti ń ṣe bàtà yẹn, wọn kò sì tíì gun òkè yìnyín kankan rí. Wọ́n ní ẹni tó ń gbẹ́ pósí kì í wọ inú rẹ̀ lọ wò ó. Ìyàwó wọn, tí mo ń pè ní Àǹtí, ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé àwọn àgbà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Yorùbá ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, Ítálì ló fi ń dá wọn lóhùn, kò sì sẹ́ni tó rí i bí ohun àrà.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Padova lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dárúkọ Florida, Bàbá Kékeré gbé ṣíbí wọn kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ nípa Florida?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ni, sà. Òun ni mo fẹ́ fi ṣe tesi."

Wọ́n wo ìyàwó wọn. Àǹtí ń wo àwo wọn. Ọmọ wọn gbójú sókè, ó ní, "Papà, basta con la Florida," pé ọ̀rọ̀ Florida tó gẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú ilé yẹn.

Èmi náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n pátápátá. Kò sẹ́ni tí wọ́n bí nínú ìdílé wa tí kò gbọ́ pé Bàbá Kékeré jẹ lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà nígbà kan, àmọ́ tí Amẹ́ríkà yí ìjọba, tí nǹkan le, tí ọ̀nà sì dí mọ́ wọn. Fún ọdún mẹ́jọ tí ààrẹ tó wọlé nígbà náà fi wà lórí oyè, nígbàkígbà tí ohùn rẹ̀ bá jáde lórí rédíò, bàbá mi á pa rédíò náà. Èmi tí mo kéré, mo rò pé ẹnì kan ládùúgbò ni, tó ja wá lólè. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Bàbá Kékeré ti ṣe ìṣirò rẹ̀ dópin.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìbò àti díẹ̀," wọ́n ní, wọ́n ń kà á lórí ìka bíi ti olùkọ́. "Àwa tí à ń kírun ọdún nínú wíáháòsì tí a sọ di mọ́sálásí níbí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ẹnìkejì ló wọlé, wọn kò ní yí nǹkan padà lójijì. Tí wọn ò bá yí i padà, mo gba físà mi. Tí mo bá gba físà mi, Houston ni mò ń gbé. Ogun tó jà lẹ́yìn ìgbà náà kò ní jà, epo kò ní wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ wa kò ní dín èèyàn kù ní ọdún tó dín wọn kù. Ṣé o ti kọ ọ́?"

Mo ní, "Tí ẹ bá wà ní Houston, ilé iṣẹ́ wo ló ń dín yín kù?"

"Àwọn tó kù ni mò ń rò," wọ́n ní.

Bí wọ́n ṣe gba tesi náà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Wọn a pè mí ní ìsinmi ọ̀sán láti ibi iṣẹ́ pé wọ́n ti rí ojú ọ̀rọ̀ mìíràn. "Dottoressa" ni wọ́n ń pè mí, orúkọ obìnrin tó ti gboyè, nígbà tí n kò tíì kọ ojú ìwé mẹ́wàá. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìwé nìkan kò tó, mo nílò ẹ̀rí, àwọn máa tún ìdìbò Florida dì ní mensa, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán.

Mo rò pé eré ni. Wọ́n tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, ó gbà, ó ní kó ṣáà ti parí kí aago tó lù. Wọ́n fi páálí bàtà ṣe àpótí ìbò, wọ́n gé ihò sórí rẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi la àwọn olùdíje méjèèjì yé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹun, ohun tí kálukú ṣèlérí àti ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ilẹ̀ Veneto tó ti ń súnmọ́ ìfẹ̀yìntì, bèèrè pé èwo nínú àwọn méjèèjì ló máa jẹ́ kí òun tètè fẹ̀yìn tì. Bàbá Kékeré ní ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà là ń sọ. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n tí òun bá fẹ́ dìbò, òun gbọ́dọ̀ bèèrè.

Wọ́n ní kí n wá ṣe alámòójútó. Mo wọ kóòtù, mo mú ìwé àti bírò dání, mo dúró ti páálí bàtà. Àwọn ọkùnrin náà tò, wọ́n fi ìwé síbẹ̀, wọ́n gba káfí wọn, wọ́n jókòó. Nígbà tí a tú u, ẹni tó wọlé ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́sí ní ìbò méjì. Ẹni tó fìdí rẹmi ní mẹ́ta, mo sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá Kékeré nínú rẹ̀. Gbogbo ìyókù, obìnrin tó ń pín oúnjẹ ní mensa ni wọ́n kọ.

Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Florida, lọ́la òun máa se lasagne. Bàbá Kékeré kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní wọ́n ti ṣe màgòmágó. Wọ́n ní kí a tún ìbò náà kà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan sókè sí iná, wọ́n ń fojú wá ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà tí aago fi lù.

Mo sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n fi í sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Nígbà tó ka gbogbo ìwé náà tán, ó ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn nìkan ló dùn mọ́ òun.

Bí mo ṣe rò ó nìyẹn pé orí tó kẹ́yìn á dá lórí Bàbá Kékeré. Màá fi hàn bí ìbò kéréje ní ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣe lè gbé olùkọ́ kan ní Ìwó, kó lọ jù ú sí Treviso. Ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n lọ kírun, mo ń bá Àǹtí bẹ iṣu ní kíṣìnì, inú mi dùn, mo ń ṣàlàyé orí náà fún wọn. Àǹtí pa gáàsì. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé fáìlì oníke tí wọ́n ń kó ìwé ilé pamọ́ sí jáde, ibi tí permesso, ìwé ìgbélùú wọn, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wà. Wọ́n fa lẹ́tà ẹ́ńbásì Amẹ́ríkà kan tó ti pọ́n yọ lábẹ́ gbogbo rẹ̀.

"Bá mi ka ọjọ́ tí wọ́n ní kí Bàbá Kékeré rẹ wá."

Nọ́ńbà ni wọ́n fi kọ ọ́, mẹ́rin, lẹ́yìn náà méje. Mo ní, "Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje."

"Bí àwọn náà ṣe kà á nìyẹn," Àǹtí ní. Wọ́n tan gáàsì padà.

Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó yé mi. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ni wọ́n pe Bàbá Kékeré. Oṣù mẹ́ta ti kọjá kí wọ́n tó débẹ̀. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe àjọ̀dún òmìnira wọn, kò sì sí ọ́fíìsì wọn tó ń ṣí lọ́jọ́ náà. Mo wo Àǹtí. Àǹtí ń fọ iṣu.

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ mọ̀?"

"Èmi ni mò ń to fáìlì," wọ́n ní.

Mo padà sí Padova lọ́jọ́ náà, mo yọ orí tó kẹ́yìn kúrò. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi bèèrè pé níbo ni àbúrò bàbá mi wọlé sí. Mo ní mo ti rí i pé ẹ̀rí náà kò ṣe é gbára lé. Ó ní nínú ẹ̀kọ́ tiwa yìí, òun kò mọ irú ẹ̀rí mìíràn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mo lọ gbèjà tesi mi, Bàbá Kékeré gba àyè níbi iṣẹ́, wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n jókòó ní ìlà iwájú pẹ̀lú Àǹtí. Wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń mi orí níbi tó yẹ. Àwọn olùyẹ̀wò fún mi ní máàkì tó dáa. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ kíláàsì mi fi adé ewé dé mi lórí, wọ́n wọ̀ mí ní àpò ìdalẹ̀nù, wọ́n mú mi dúró lójú títì, wọ́n ní kí n máa ka ìwé gbọọrọ kan tí wọ́n fi bú mi, gbogbo àṣìṣe tí mo ti ṣe láti ọdún tí mo ti dé. Àṣà Padova nìyẹn fún ẹni tó bá gboyè. Bàbá Kékeré fẹ́ lọ bá wọn jà. Àǹtí di agbádá wọn mú.

Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, èmi àti Bàbá Kékeré lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Prato della Valle, ojúde ńlá tí ère òkúta yí po. Àǹtí àti ọmọ wọn lọ ra áísìkiriìmù.

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀," wọ́n ní. "Mi ò gbọ́ tèmi níbẹ̀."

"Àyè ni kò gbà á, sà."

"Àǹtí rẹ ti fi lẹ́tà hàn ọ́."

Mo já ewé kan lára adé orí mi. Àwọn náà kò wò mí. Ère ọkùnrin kan tí imú rẹ̀ ti jẹ ni wọ́n ń wò.

"Àsíá ni mo kọ́kọ́ rí ní ẹ́ńbásì," wọ́n ní. "Wọ́n ta á kiri gbogbo ara ògiri. Mo ti ya kóòtù wọ̀, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé àwọn èèyàn yìí mọ àlejò ṣe. Gáàdì ló sọ fún mi pé ọdún ni wọ́n ń ṣe, kí n padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wo lẹ́tà náà lẹ́yìn gíláàsì, ó fi ìka tọ́ ọ fún mi. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, *sọ́rì*."

"Kí ni ẹ wá sọ nílé?"

"Nígbà tí mo délé, bàbá wa ti pe àwọn àlùfáà jọ láti wá ṣàdúà ìrìn-àjò. Gbogbo wọn jókòó. Wọ́n ní, báwo? Olùkọ́ ni mí. Àràárọ̀ ni mo ń kọ ọjọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọdé. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé mi ò mọ ọjọ́ kà? Mo la ẹnu, Florida ló bọ́ síbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú rédíò ọkọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn. Àlùfáà àgbà ní Ọlọ́run á gbà wá lọ́wọ́ Florida. Gbogbo wọn ṣe àmín."

Ẹ̀rín fẹ́ gbà mí, mo gbé e mì. Àmọ́ àwọn fúnra wọn ti ń rẹ́rìn-ín, èjìká wọn ń gbọ̀n lábẹ́ agbádá. Nígbà tí ó tán, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú.

"Mo sọ ọ́ títí ó fi di òótọ́ lẹ́nu mi. Láàárọ̀ míì tí mo bá jí, mo gbà á gbọ́ dáadáa."

Mo bèèrè pé ṣé ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn tó bá lọ́tìrì yẹn dé Houston ń gbé ẹrù nínú wíáháòsì kan, ẹ̀yìn ń dùn ún, tó bá sì pè, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni báwo ni èèyàn ṣe ń rí ìwé Ítálì gbà.

"Ṣé kí n sọ fún Dádì?"

Ìgbà yìí ni wọ́n tó yíjú sí mi. "Bàbá rẹ ti kórìíra ọkùnrin yẹn láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọdé. Àgbàlagbà ni wọ́n báyìí. Tí o bá gba ìkórìíra yẹn lọ́wọ́ wọn, kí lo fẹ́ fi dípò rẹ̀?"

Mi ò tíì sọ fún Dádì títí di òní.

Ọdún kejì ni cittadinanza Bàbá Kékeré jáde, wọ́n di ọmọ ilẹ̀ Ítálì lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti ń dúró. Wọ́n lọ búra ní ọ́fíìsì ìlú, níwájú sindaco, olórí ìlú náà, tó fún wọn ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò pẹ́ tí ìdìbò ìlú fi dé, mo sì wá láti Padova torí wọ́n ní dandan ni kí n wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń rò ó láti ogún ọdún bí ìbò kan ṣe lè yí ayé padà kò tíì dìbò fúnra rẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìwó.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n tẹ́ ìwé tí ìlú fi ránṣẹ́ sórí tábìlì, wọ́n fi gíláàsì ojú kà á síwá sẹ́yìn.

"Mo rí orúkọ sindaco. Ta ló ń bá a du ipò?"

"Nessuno," ọmọ wọn dáhùn.

Kò sẹ́nìkankan lóòótọ́. Ní irú ìlú kéékèèké bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí òfin kàn ń fẹ́ ni pé kí èèyàn tó jáde pọ̀ tó; tí wọn ò bá pọ̀ tó, ìdìbò náà di asán, ìjọba á rán ẹnì kan wá láti máa ṣàkóso. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe kọ́ ọ nílé ìwé. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Èmi ọmọ ilẹ̀ Ítálì tuntun," wọ́n ní, "wọ́n ní kí n wá yan ẹnì kan nínú ẹnì kan."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n mú káàdì ìdánimọ̀ wọn dání, gbogbo wa sì tẹ̀ lé wọn dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń dìbò. Wọ́n kí àwọn tó jókòó níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba pẹ́ńsùlù, wọ́n wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé obìnrin tó ń bójú tó ìwé yọjú wò mí. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti ká ìwé náà bó ṣe yẹ, wọ́n fi í sínú àpótí.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ọmọ wọn bèèrè ní èdè Ítálì pé ṣé sindaco ni bàbá òun dìbò fún.

"Ìkọ̀kọ̀ ni ìbò," wọ́n ní.

"Ma papà, c'era solo lui." Ó ní ọkùnrin yẹn nìkan ló ṣáà wà níbẹ̀.

"Ìkọ̀kọ̀ náà ni."

Èèyàn jáde tó bí òfin ṣe fẹ́, sindaco wọlé. Nígbà tí wọ́n ka èsì, wọ́n ní àwọn kan ju ìwé tí wọn ò kọ nǹkan kan sí sínú àpótí. Àǹtí yíjú wo ọkọ wọn. Bàbá Kékeré ń bó ọsàn, wọ́n ń rọra bó o kí èèpo rẹ̀ má bàa já.